Ṣé ámpù kékeré lè bú ramúramù nínú yàrá kan ní Ṣómólú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Ṣómólú, ilé ojú-kojú ni. Gìtá ni mò ń ta, rock àti metal, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orin òyìnbó ni, kò kàn wá. Mo ti ní gìtá oní-humbucker (píìkọ́ọ̀pù oníwáyà méjì tó ń dín ariwo iná kù), láptọ́ọ̀pù àti interface oníhò méjì, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan fẹ́ ta ámpù kékeré Orange Micro Dark fún mi, tòkúnbọ̀ ni. Ẹlòmíràn ní kí n má rà á, pé kí n túbọ̀ tọ́jú owó kí n lè ra Peavey 6505 MH, torí pé fáàfù, ìyẹn gílóòbù onígíláàsì tó ń gbé ohùn ga, ni gbogbo tirẹ̀. N kò ní sípíkà, aládùúgbò mi sì ti fẹjọ́ mi sun lánlọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan. Ríkọ́dìn nílé ni mo fẹ́ fi ṣe. Èwo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa dán an wò kí n tó sanwó?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o bèèrè kí owó tó kúrò lápò rẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi, ọjà ti wọlé kí wọ́n tó rántí béèrè.

Micro Dark yẹn ni kí o rà, bó bá yege nínú àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn fáàfù, ámpù fáàfù méjì ló wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ ohun tí ìwọ fẹ́ ṣe ni pé kí o gba ohùn gìtá sílẹ̀ nínú yàrá kan, láìní sípíkà, láàárín àwọn èèyàn tó fẹ́ sùn. Ní irú ibẹ̀, àìsí fáàfù kọ́ ló ń ba ríkọ́dìn jẹ́. Sípíkà tí kò sí, gain (bí ámpù ṣe ń ti ohùn gìtá tó) tó pọ̀ jù, àti iná tí kò dára ni. Wàhálà kẹta yẹn, àwa ará Èkó la ni ín jù.

Kí n tó lọ jìnnà, sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé orin yìí ti wà ní Èkó kí wọ́n tó bí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Saint Gregory's ní Ọbáléndé dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀, gìtá onífuzz tí wọ́n ń ta nígbà náà ṣì ń mú àwọn tó ń gbọ́ ọ lónìí lórí wú. Ẹgbẹ́ BLO náà wà ní Èkó láyé ìgbà yẹn. Gìtá tó ń ké tó ń họ kì í ṣe àlejò níbí.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ látibi sípíkà, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà jù.

Láàárọ̀ àná, mo so ámpù kékeré kan mọ́ interface nínú yàrá iṣẹ́ mi ní Agúdà, Sùúrùlérè. Ihò tí wọ́n kọ send sí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti yọ ohùn, ìyẹn ibi tí ohùn ń gbà jáde kó tó kan apá tó ń ti sípíkà. Mo gbé gain sí ìdajì, mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tẹ okùn E tó nípọn jù nítòsí bíríìjì, mo sì ta á. Ohun tó wọ inú headphone mi kò jọ gìtá rárá. Ńṣe ló dà bíi pé àkàrà ń dín nínú epo tó ti gbóná jù, ṣáá-ṣáá-ṣáá, ohùn tín-ín-rín tó ń gún etí, tí kò sí ẹran kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á ní ámpù yìí ti bàjẹ́, á dá a padà fún ẹni tó tà á. N kò fọwọ́ kan nọ́bù kankan. Mo kàn fi fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní IR sí i lórí kọ̀ǹpútà, mo tún ta okùn kan náà. Àkàrà dákẹ́. Ohùn náà sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà, ó le, ó ki, ó sì ṣe gbì, gbì, gbì bí ẹni tó ń gún iyán. Ámpù kan náà, gìtá kan náà, ọwọ́ kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Distortion ni pé a ti ti ohùn gìtá débi pé ámpù kò lè gbé orí rẹ̀ mọ́, ó wá gé e. Bó ti gé e ni àwọn ohùn kéékèèké máa ń hù lórí ojú ọgbẹ́ yẹn, wọn á sì máa gòkè lọ títí dé ibi tí etí èèyàn mọ. Okùn E ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí ni 82 Hz. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń bí nígbà tí ámpù bá gé e lórí lè kọjá 10,000 Hz. Páálí tó nípọn ni ojú sípíkà gìtá oní-íǹṣì 12, kò lè gbọ̀n kíá tó bẹ́ẹ̀. Bí ohùn bá ti ń kọjá nǹkan bíi 5,000 Hz, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a mọ́. Asẹ́ ni sípíkà, àbúrò mi. Bí ìyá wa bá lọ àgbàdo tán tí wọn kò sẹ́ ẹ, ta ló máa mu ògì yẹn pẹ̀lú èèrí nínú? Ámpù tí o gbọ́ láìsí sípíkà, ògì tí wọn kò tíì sẹ́ ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ámpù kékeré báyìí ń dún bí oyin inú agolo nígbà tí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́ bi í pé kí ló fi sẹ́ ẹ.

Asẹ́ mẹ́ta ló wà fún ọ. Àkọ́kọ́ ni sípíkà gidi pẹ̀lú máìkì níwájú rẹ̀. Ìkejì ni èyí tí àwọn tó ṣe ámpù ti kọ́ sínú ihò headphone rẹ̀. Micro Dark ní irú rẹ̀, Joyo Zombie náà ní in, Boss Katana sì ń gbé e gba USB. Ìkẹta ni IR tí mo lò yẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ohùn àyẹ̀wò kan gba inú sípíkà àti máìkì, wọ́n á wo ohun tí sípíkà yẹn ṣe sí ohùn náà, wọ́n á wá tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì WAV kékeré. Bí o bá fi fáìlì yẹn sórí ohùn gìtá rẹ, kọ̀ǹpútà á ṣe sí i bí sípíkà yẹn ì bá ti ṣe. Ọ̀pọ̀ IR wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. NadIR, ètò kọ̀ǹpútà tí Ignite Amps ṣe, ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, bí o bá sì ń fi ètò Reaper gba ohùn sílẹ̀, ReaVerb tó wà nínú rẹ̀ lè kà á.

Èmi máa ń fẹ́ ìkẹta yìí ju ìkejì lọ, torí pé asẹ́ inú ihò headphone, ẹyọ kan ni, bó ṣe rí ni wàá ṣe gbà á. Ti IR, bí èyí bá dúdú jù, o lè mú òmíràn. Micro Dark dára fún èyí gan-an, torí pé ó ní ihò send lẹ́yìn, tíránsísítọ̀ ló sì ń ti sípíkà rẹ̀, kì í ṣe fáàfù. Fáàfù 12AX7 kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, iwájú ló sì wà, níbi tí gain ti ń ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni pé o lè tan án láìsí sípíkà, kí o yọ ohùn láti ihò send, kí ó má sì sí nǹkan kan tó máa jóná.

Ìkìlọ̀ kékeré kan, torí ó ti fi ìrọ̀lẹ́ odindi kan ṣòfò fún mi rí. Bí o bá fẹ́ gba ohùn láti ihò headphone bọ́ sínú interface, má lo wáyà tó ní ìlà dúdú méjì lẹ́nu, kí o wá ki í tààrà bọ ihò line. Ohùn kan náà ló ń gba òsì àti ọ̀tún headphone, àmọ́ ihò line máa ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, wàá sì máa gbọ́ ohùn tó rù hángógó tàbí kí o má gbọ́ nǹkan kan. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, tí ìdí rẹ̀ pín sí méjì ni kí o lò. Ki ẹyọ kan bọ interface, jẹ́ kí èkejì sinmi.

Ká wá wo 6505 MH tí wọ́n ní kí o dúró dè. Ọjà gidi ni, ilé tó sì ti wá kì í ṣe ilé kékeré. Ní 1992 ni Peavey gbé ámpù 5150 jáde pẹ̀lú Eddie Van Halen, gbajúmọ̀ onígìtá, ohùn yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ metal fi ń gba orin sílẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí òun àti Peavey pín gaarí, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí 6505. 65 dúró fún 1965 tí wọ́n dá Peavey sílẹ̀, 05 dúró fún 2005 tí ó pé ogójì ọdún. MH yìí ni ọmọ rẹ̀ kékeré: watt 20, fáàfù EL84 méjì lẹ́yìn, 12AX7 mẹ́ta níwájú, o sì lè fà á wá sí watt 5 tàbí watt 1.

Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ámpù tí fáàfù ń ti sípíkà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà tàbí load box (àpótí tó ń gba agbára ámpù dípò sípíkà) nídìí rẹ̀, àfi bí ìwé tó bá a wá bá sọ ọ́ kedere pé kò séwu. Tíráńsífọ́mà tó wà láàárín fáàfù àti sípíkà ń retí ẹni tó máa gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá rí ẹni gbà á, iná inú rẹ̀ á ru sókè kọjá bó ṣe yẹ, á sì jó ara rẹ̀ tàbí kó jó fáàfù. Bákan náà ni iye ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́: ihò tí wọ́n kọ 8 sí, sípíkà 8 ló ni ín. Ìwọ tí kò ní sípíkà, owó ámpù fáàfù lè má jẹ́ owó ámpù nìkan. Bí ìwé rẹ̀ kò bá sọ pé o lè lò ó láìsí sípíkà, owó load box tàbí ti sípíkà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fáàfù náà á sì gbó lọ́jọ́ kan.

Kò tún ní dákẹ́ fún ọ bí o ṣe rò. Àwọn èèyàn gbà pé watt 1 kéré, pé aládùúgbò kò ní gbọ́. Sípíkà Celestion Vintage 30, tó wọ́pọ̀ gan-an nídìí orin metal, ń mú 100 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) jáde pẹ̀lú watt 1 péré bí o bá dúró ní mítà kan sí i. Ohùn tó lè mú ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Láti watt 1 dé watt 20, 13 dB péré ló fi kún un, etí wa kì í sì í gbọ́ ọ bí ìlọ́po 20. Nǹkan bí ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ni. Nítorí náà, iye watt kọ́ ló máa yọ ọ́ nínú ẹjọ́ lánlọ́ọ̀dù. Wáyà tó lọ tààrà sínú interface ló máa yọ ọ́.

Àǹfààní mìíràn wà nínú wáyà tààrà yìí tí mi ò gbọ́ kí àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa ámpù mẹ́nu bà. Bí máìkì bá wà níwájú sípíkà ní Ṣómólú, kì í ṣe gìtá nìkan ló máa gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ìpè àdúrà, ìsọjí ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, gbogbo wọn ló máa bá ọ kọrin. Wáyà kò ní etí. Aago méjì òru ni kí o gba ohùn sílẹ̀, ọ̀sán gangan ni, ìkan náà ni.

Ó kan gain, ohun tó jẹ́ kí o fẹ́ ra irú ámpù yìí gan-an. Bí o bá ń ta gìtá nínú yàrá, gain púpọ̀ máa ń dùn. Ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, okùn á máa ké láìjẹ́ pé ọwọ́ ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí o bá gbà á sílẹ̀, bọ́tà tó ti yọ́ lo máa gbọ́. Ìdí ni pé gain máa ń rẹ́ orí ohùn sílẹ̀ títí á fi bá ìyókù dọ́gba, tí o kò fi ní lè mọ ìgbà tí o ta okùn àti ìgbà tí o dákẹ́ mọ́. Ariwo ẹ̀yìn náà á sì gòkè bá a. Nínú orin tó le, gìtá méjì ló sábà máa ń wà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èèyàn kan náà ló sì ta méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Má ṣe da ọ̀kan kọ sí èkejì lórí kọ̀ǹpútà o, ohùn kan náà lórí ara rẹ̀ kò ní fẹ̀, á kàn pariwo sí i ni. Ta á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín ọwọ́ rẹ ní àkọ́kọ́ àti ọwọ́ rẹ ní ìkejì ló ń jẹ́ kó tóbi. Nígbà tí gìtá méjì bá jọ ń dún báyìí, gain wọn á jọ ro pọ̀. Nítorí náà, fa gain ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ títí á fi dà bíi pé ó kéré jù ní etí rẹ, kí o wá ta ìkejì. Wàá rí i.

Bí okùn ìsàlẹ̀ bá ń ṣe bùù-bùù dípò gbì-gbì, báàsì ló pọ̀ jù níwájú gain. Micro Dark ní nọ́bù mẹ́ta péré, volume, shape àti gain, kò sí nọ́bù báàsì tí o lè fà sílẹ̀ lọ́tọ̀. Pẹ́dàlì (àpótí kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀) irú Tube Screamer ni àwọn onímetal ń fi tún un ṣe: drive rẹ̀ sí òdo, level rẹ̀ sókè, kí ó wà láàárín gìtá àti ámpù. Kì í ṣe pé o fẹ́ kí pẹ́dàlì yẹn gbóná. Ó ń gé báàsì kúrò, ó sì ń gbé àárín ohùn sókè kó tó débi tí wọ́n ti máa gé e lórí. Ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, wọn kò wọ́n.

Ó wá kù bí o ṣe máa dán an wò. Má dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú gìtá ẹlòmíràn àti sípíkà tó tóbi bí àpótí aṣọ. Ní Alábà, ohun gbogbo ló ń dún dáadáa, torí pé ariwo ọjà ti gba etí rẹ. Bẹ ẹni tó fẹ́ tà á kí ó jẹ́ kí o jókòó síbì kan tó dákẹ́ fún ìdajì wákàtí. Gbé gìtá tìrẹ lọ, láptọ́ọ̀pù tìrẹ, interface àti headphone tìrẹ. Bó bá kọ̀, fi ámpù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Kọ́kọ́ tan án láìki gìtá bọ̀ ọ́, kí o gbé volume sókè. Híìì kékeré kò burú, gbogbo ámpù onígain ló ń ṣe é. Bó bá ń ta pà-pà tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, bi í léèrè, kí o sì fi ìka kàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìkànkàn yẹn bá ń dún gbọnrangandan nínú ohùn, fáàfù ti ń rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò yẹ kó lé ọ sá, 12AX7 kan ni, o lè pààrọ̀ rẹ̀. Yí nọ́bù kọ̀ọ̀kan lọ sókè sódò. Èyí tó ń ṣe kírà-kírà, eruku ló wọ inú rẹ̀. Mi ihò tí wáyà gìtá ń wọ̀, bí ohùn bá ń já, ibi tí wọ́n fi òjé so wáyà mọ́ ọn ti tú nídìí rẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ oníṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, gba ohùn sílẹ̀. Ta nǹkan kan tó kúrú, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ti tó, èyí tó ní títẹ okùn mọ́lẹ̀, tó ní kọ́ọ̀dù olókùn mẹ́ta, tó sì ní ìdákẹ́ lójijì láàárín. Ìdákẹ́ yẹn ṣe pàtàkì jù. Ibi tí ọwọ́ rẹ ti kúrò lórí okùn, ibẹ̀ ni wàá ti mọ ámpù tó le àti èyí tó ń fa ìrù. Wò ó bóyá o lè gbọ́ okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kọ́ọ̀dù. Fa volume orí gìtá rẹ sí ìdajì, kí o wò ó bóyá ohùn náà á mọ́ díẹ̀. Jẹ́ kí orí ohùn nínú kọ̀ǹpútà wà láàárín -12 sí -6 dB, má jẹ́ kó kan pupa. Ta á lẹ́ẹ̀mejì, gbé ọ̀kan sósì, èkejì sọ́tùn-ún. Kí o wá kó ẹrù rẹ lọ sílé, má sanwó lọ́jọ́ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí etí rẹ tó gbọ́ ariwo kankan, fi ohùn jẹ́jẹ́ gbọ́ ohun tí o gbà sílẹ̀. Etí tó ti rẹ̀ máa ń purọ́ fún ẹni tó ni ín, pàápàá bí ohùn bá ròkè. Bó bá dùn lóhùn jẹ́jẹ́, ọjà ni.

Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, iná ni.

Mo ra ámpù kan rí nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí wàhálà, kí n kàn ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e délé, mo ki í, mo tan án. Ó pọ́n, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, inú mi ń dùn, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Kí n tó mú gìtá, òórùn kan ti gba yàrá, bí ìgbà tí rọ́bà bá jó lórí irin ìlọṣọ. Èéfín tẹ̀ lé e láti ihò ẹ̀yìn. 120V ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà kékeré, lábẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. N kò kà á. Iná tiwa jẹ́ 230V, 50 Hz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60 Hz. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ wo ámpù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ yí sí mi, tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ́wọ́.

Micro Dark ń lo adáptọ̀ bíi ti láptọ́ọ̀pù. Ka ohun tó wà lára adáptọ̀ náà. Bó bá kọ 100–240V, ọkàn rẹ balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé adáptọ̀ mìíràn ni ẹni yẹn ń lò, rí i dájú pé fóltì àti ampere rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sára ámpù mu, kí pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù ẹnu rẹ̀ sì bá a mu pẹ̀lú. Bí o bá jàjà ra ámpù 120V lọ́jọ́ iwájú, step-down (tíráńsífọ́mà tó ń fa 230V wá sí 120V) tí agbára rẹ̀ ju ti ámpù lọ dáadáa ni kí o rà. Mọ̀ pé step-down kò lè yí 60 Hz padà sí 50 Hz, tíráńsífọ́mà inú rẹ̀ lè máa gbóná díẹ̀ sí i.

Ariwo iná nínú ríkọ́dìn, ibi mélòó kan ló ti ń wá. Kọ́kọ́ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù rẹ, kí o fi bátìrì gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ariwo á kú lójú ẹsẹ̀, tí èèyàn ti ń bú ámpù láti àárọ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, jókòó sórí àga rẹ pẹ̀lú gìtá, kí o máa yí ara rẹ díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà tí ariwo á lọ sílẹ̀ jù, fi ẹsẹ̀ sàmì síbẹ̀, ibẹ̀ ni kí o máa jókòó sí. Inverter tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn tí iná rẹ̀ kò lọ geere bíi ti NẸ́PÀ, máa ń fi ìró zzzz sínú gìtá onígain, kò sí pẹ́dàlì tó máa wò ó sàn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà, Hz rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ariwo rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀. Bí NẸ́PÀ bá wà, ìgbà náà ni kí o gba èyí tó ṣe pàtàkì sílẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì rẹ torí pé ariwo ń dún. Ẹsẹ̀ áàtì yẹn ló wà láàárín ìwọ àti iná tó lè gba okùn gìtá bọ́ sí ọwọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ojú-kojú ni kò ní áàtì gidi nínú ilẹ̀. Jẹ́ kí oníná tó mọ iṣẹ́ wò ó fún ọ lọ́jọ́ kan. Bí o bá fọwọ́ kan okùn gìtá tí ara rẹ sì ta, pa gbogbo rẹ̀, má gbé máìkì sún mọ́ ẹnu.

Owó tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn Micro Dark, fi ra wáyà méjì tó dára, pẹ́dàlì tí mo sọ yẹn, àti okùn gìtá tuntun. Okùn tó ti dógùn-ún máa ń ba ohùn jẹ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí o bá kó lọ sílé tí ògiri rẹ̀ dá dúró, ra sípíkà oní-íǹṣì 12 kan tó jẹ́ ohm 8, so ó mọ́ ámpù kan náà, kí o gbé máìkì Shure SM57 síwájú rẹ̀ ní íǹṣì kan sí aṣọ, láàárín àárín gbùngbùn ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀. Sún un ní ìwọ̀n ìka kan sósì, kí o gbọ́. Sún un ní ìka kan sọ́tùn-ún, kí o gbọ́. Wàá rí i pé ìka kan yẹn ń yí ohùn padà ju gbogbo nọ́bù iwájú ámpù lọ.

Bí o bá ti ṣe àyẹ̀wò yẹn, fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 náà ránṣẹ́ sí mi, èyí tí kò ní IR lórí àti èyí tó ní in, méjèèjì. N óò gbọ́ wọn láàárọ̀ kí n tó ṣí ilé iṣẹ́, n óò sì sọ fún ọ bóyá kí o padà lọ sanwó.